Ṣé Ó Yẹ Kí A Máa Tún Atọ́ka Dátábéèsì Kọ́ Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ní gbogbo òru Sunday, bí aago mọ́kànlá bá ti lù, kọ̀ǹpútà tó ń gbé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Adó-Èkìtì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo atọ́ka inú dátábéèsì kọ́, láti orí àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Atọ́ka (index) ni àkójọ tí dátábéèsì fi ń rí ohun tí a ń wá kíákíá láìka gbogbo tábìlì. Ẹni tó wà níbẹ̀ kí n tó dé ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gba iṣẹ́, n kò fọwọ́ kàn án. Mo gbà pé ìtọ́jú ni, bí ẹní ń pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò. Nígbà tó yá, iná lọ ní òru ọjọ́ kan. Ínfátà gbé e dé nǹkan bí aago méjì, ó sì kú nígbà tí iṣẹ́ náà kò tíì parí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Monday, àwọn tíṣà láti Ìkẹ́rẹ́ àti Ìyìn ti tò síwájú kántà láti gba ẹ̀yáwó, kọ̀ǹpútà sì ń wọ́ bí ìgbín. Mo wo dísíìkì, ó kù díẹ̀ kó kún. Mo tú u wò, mo bá atọ́ka mẹ́ta tí orúkọ wọn parí sí `_ccnew`, ìyókù àtúnkọ́ tí kò parí. Kò sí ìbéèrè kankan tó lè lò wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń gba àyè. Ọ̀kan nínú wọn ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó bi ara mi pé kí ni iṣẹ́ òru Sunday yìí ń ṣe fún wa gan-an. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi hàn yín níbí. PostgreSQL ni ètò dátábéèsì tí a ń lò, nítorí náà àṣẹ tirẹ̀ ni màá kọ sílẹ̀, màá sì mẹ́nu ba àwọn ètò dátábéèsì mìíràn, SQL Server, MySQL àti Oracle, níbi tí ọ̀nà wọn bá ti yà. Èrò mi ni pé kàlẹ́ńdà kò tó ìdí láti tún atọ́ka kọ́. Àtúnkọ́ ní ìgbà tirẹ̀, ìgbà náà sì ṣeé mọ̀ tí a bá wọn nǹkan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú atọ́ka

Ẹ jẹ́ ká dá dúró níbí díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa sáré kiri lórí ìyókù.

Ẹ rántí rẹ́jísítà ńlá tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń lò kí kọ̀ǹpútà tó dé, èyí tí a to orúkọ sí létòlétò. Ká ní ewé kan wà fún àwọn orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Adé”. Adébáyọ̀ wọlé, Adédayọ̀ wọlé, Adéwùmí wọlé, títí ewé náà fi kún. Adékúnlé tún dé. Kò sí àyè fún un láàárín. Akọ̀wé á mú ewé tuntun, á da ìdajì orúkọ yẹn kọ sórí rẹ̀, á fi ìdajì yòókù sílẹ̀ sí ibi tó wà. Ewé méjèèjì wá di ààbọ̀. Bí atọ́ka dátábéèsì ṣe ń ṣiṣẹ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. B-tree ni wọ́n ń pe irú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Rudolf Bayer, ọmọ Jámánì, àti Edward McCreight ló gbé e kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Boeing. Ní PostgreSQL, ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílóbáìtì 8. Bákan náà ló rí ní SQL Server. Ti InnoDB, apá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nínú MySQL, jẹ́ 16.

Ewé tó di ààbọ̀ kì í ṣe àìsàn. Àyè tó wà níbẹ̀ ni Adéọlá àti Adésọlá yóò bọ́ sí láìjẹ́ pé a tún ya ewé mìíràn. Bí orúkọ bá ń wọlé láìtò, tí ọdún ń gorí ọdún, atọ́ka máa ń dúró sí bíi 69% kíkún. Àbájáde ìṣirò ni iye yẹn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo ohun tí àtúnkọ́ ń ṣe. Ó kó gbogbo orúkọ jọ, ó tún wọn tò, ó sì fi orúkọ kún ewé kọ̀ọ̀kan dé 90%, torí 90 ni PostgreSQL máa ń lò tí a kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ní Sunday ó rí rẹ́gí. Ní Monday orúkọ tuntun dé, àyè kò fi bẹ́ẹ̀ sí, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Yíyà náà ń ná kọ̀ǹpútà ní agbára, ó sì ń kọ ohun púpọ̀ sínú fáìlì WAL, ìwé tí PostgreSQL ń kọ gbogbo àyípadà sí. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ, atọ́ka ń padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Sunday tún dé, a tún rọ́ ọ pọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ la ń jẹ ẹ́ níyà kó tó padà síbi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Atọ́ka tó wà lórí nọ́ńbà rìsíìtì, tó ń pọ̀ sí i létòlétò, yàtọ̀ sí èyí. Ewé ìkẹyìn ni ohun tuntun máa ń lọ, PostgreSQL sì mọ̀ ọ́n: dípò kó pín ewé sí ààbọ̀, ó ń fi ewé àtijọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 90% kíkún, ó sì ń lọ síwájú. Irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ kì í sábà nílò àtúnkọ́ rárá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ẹ̀sùn sílẹ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan atọ́ka, ẹ kọ ohun tó ń fà sílẹ̀. “Dátábéèsì ń fà” kò tó. Ìbéèrè wo? Ní aago mélòó? Ṣé wíwá orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni, àbí ìròyìn òpin oṣù tí akápò ń tẹ̀? Ẹ ṣí `pg_stat_statements`, àfikún tó ń ka àkókò ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ìbéèrè tó ń gba àkókò jù, kí ẹ sì fi àṣẹ yìí wo ọ̀nà tó ń gbà:

```
EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS)
SELECT * FROM omo_egbe WHERE oruko = 'Adékúnlé';
```

Ẹ ṣọ́ra o. ANALYZE tó wà níbẹ̀ máa ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ má fi UPDATE (àṣẹ ìyípadà) tàbí DELETE (àṣẹ ìparẹ́) sí i láìkọ́kọ́ kọ BEGIN síwájú àti ROLLBACK sẹ́yìn, kí àyípadà náà má bàa dúró. Ẹ tọ́jú àbájáde náà, a ó padà sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún ìṣirò ṣe kí ẹ tó tún atọ́ka kọ́

Yorùbá ní a kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tó dé ọwọ́ mi, ète náà ni ìṣirò (statistics) tó ti gbó. Dátábéèsì ń tọ́jú àkópọ̀ kékeré nípa ohun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan: iye ìlà, èyí tó wọ́pọ̀ jù, bí wọ́n ṣe tàn káàkiri. Òun ló fi ń pinnu bóyá kí ó gba inú atọ́ka tàbí kí ó ka tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí àkópọ̀ náà bá sọ pé ìlà 1,000 ló wà nígbà tí 200,000 ti wọlé, ó máa gba ọ̀nà tí kò dára, bó ti wù kí atọ́ka gún régé tó. Àṣẹ tó ń tún ìṣirò náà ṣe nìyí:

```
ANALYZE omo_egbe;
ANALYZE idunadura;
```

Ó sábà máa ń parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì tì ẹnikẹ́ni síta. Ẹ tún EXPLAIN ìṣáájú ṣe. Bí ìbéèrè bá ti yá, iṣẹ́ parí nìyẹn, ẹ lọ sùn.

Níbí ni mo rò pé ìgbàgbọ́ nínú àtúnkọ́ ti wá. Ní SQL Server, ẹni tó bá tún atọ́ka kọ́ ti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe pẹ̀lú, torí gbogbo ìlà ni ó kà. Ìbéèrè á yá ní òwúrọ̀, ẹni náà á sì ní àtúnkọ́ ló ṣe é. Ìṣirò tuntun ló ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó sì lè rí i gbà ní owó pọ́ọ́kú pẹ̀lú `UPDATE STATISTICS`. Ní PostgreSQL ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: REINDEX, àṣẹ tó ń tún atọ́ka kọ́, kì í tún ìṣirò kọ́lọ́ọ̀mù ṣe rárá. Ẹni tó ń fi REINDEX wá ohun tí ANALYZE ń fúnni ń pọn omi sínú agbọ̀n.

Ẹ tún wo bóyá autovacuum, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń gbá òkú ìlà (ìlà àtijọ́ tí a ti pa rẹ́ tàbí tí a ti yí padà) dànù, tó sì ń tún ìṣirò ṣe, ń rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe:

```
SELECT relname, n_live_tup, n_dead_tup,
       last_autovacuum, last_autoanalyze
FROM pg_stat_user_tables
ORDER BY n_dead_tup DESC;
```

Bí a kò bá yí i padà, ó ń dúró kí nǹkan bí 20% ìlà tábìlì di òkú kó tó gbá wọn dànù, àti kí 10% yí padà kó tó tún ìṣirò ṣe. Fún tábìlì tó ní ìlà 2,000,000, òkú ìlà 400,000 nìyẹn kí ìgbálẹ̀ tó dé. Ó pọ̀ jù. Fún tábìlì ìdúnàádúrà wa, mo dín in kù:

```
ALTER TABLE idunadura SET (
  autovacuum_vacuum_scale_factor = 0.02,
  autovacuum_analyze_scale_factor = 0.01
);
```

Bí iye òkú ìlà kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ wo `pg_stat_activity`, àtòjọ àwọn tó ń lo dátábéèsì lọ́wọ́, bóyá ẹnì kan ṣí iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò parí rẹ̀. Ìlà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì lè rí, autovacuum kò lè gbá a. Ní ọ́fíìsì wa, fèrèsé kan tí wọ́n fi sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan ló ń fa ìdọ̀tí tí gbogbo wa fi ń bínú sí atọ́ka.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn atọ́ka náà

```
CREATE EXTENSION IF NOT EXISTS pgstattuple;

SELECT index_size, avg_leaf_density, leaf_fragmentation
FROM pgstatindex('idx_omo_egbe_oruko');
```

`avg_leaf_density` ni kí ẹ tẹjú mọ́: bí ewé ṣe kún tó. Gbogbo atọ́ka náà ni àṣẹ yìí ń kà, nítorí náà ẹ ṣe é nígbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Bí ó bá wà láàárín 60 sí 90, mo máa ń fi í sílẹ̀. Bí ó bá wà ní 40 tàbí kó kéré sí i, tí atọ́ka náà sì tóbi débi pé kò wọ inú mẹ́mọ́rì mọ́, mo ń wádìí ìdí rẹ̀. Ìlànà tèmi nìyẹn láti ibi tí mo jókòó sí. Ẹ fi ẹ̀rọ yín dán an wò. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ kọ iye náà sílẹ̀ lóṣooṣù. Atọ́ka tó wà ní 65 ní January, tó ṣì wà ní 65 ní April, ti rí ibi tó fẹ́ jókòó sí.

Ìyẹn `leaf_fragmentation`, èyí tó ń sọ bí ewé ṣe tò léra lórí dísíìkì, kì í já mọ́ nǹkan púpọ̀ lórí SSD, dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Nígbà tí dísíìkì ṣì ń yí, tí orí rẹ̀ ní láti fò káàkiri, ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an.

Àwọn tó ń lo SQL Server yóò ti gbọ́ òfin 5 àti 30: bí ìtúká ewé bá ti tó 5% ẹ REORGANIZE (ẹ tún ewé tò), tó bá ju 30% lọ ẹ REBUILD (ẹ tún un kọ́ pátápátá). Paul Randal, tó wà ní Microsoft nígbà náà, ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun lòun mú iye wọ̀nyẹn wá, pé ibi tí èèyàn lè ti bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ di òfin tí kì í yẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà Microsoft fúnra rẹ̀ ti ń sọ báyìí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà láìwọ̀n pé ìtọ́jú atọ́ka yóò mú iṣẹ́ yá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé ẹ tilẹ̀ nílò atọ́ka náà?

Ibí yìí ni èrè mi ti pọ̀ jù.

```
SELECT relname, indexrelname, idx_scan,
       pg_size_pretty(pg_relation_size(indexrelid))
FROM pg_stat_user_indexes
ORDER BY idx_scan, pg_relation_size(indexrelid) DESC;
```

Mo bá atọ́ka kan tí ẹnì kan fi sórí kọ́lọ́ọ̀mù owó tó kù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí ìbéèrè tó ń lò ó. Ẹ sì ro ohun tó ń ṣe: gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá san owó tàbí gba owó, iye yẹn yí padà. Ní PostgreSQL, bí a bá yí kọ́lọ́ọ̀mù tí kò ní atọ́ka padà, tí àyè sì wà nínú ewé tábìlì, ìlà tuntun lè wọlé láìfọwọ́ kan atọ́ka kankan. HOT ni wọ́n ń pe ọgbọ́n náà. Ṣùgbọ́n bí kọ́lọ́ọ̀mù tó yí padà bá ní atọ́ka, ọgbọ́n yẹn kò ṣeé lò mọ́, gbogbo atọ́ka tábìlì náà, títí kan ti orúkọ àti ti nọ́ńbà fóònù, ló máa gba ohun tuntun. Atọ́ka kan tí ẹnikẹ́ni kò lò ló ń wú gbogbo àwọn yòókù. A ń tún wọn kọ́ ní gbogbo Sunday, a sì fi orísun wíwú náà sílẹ̀ láàárín wọn.

Mo yọ ọ́ kúrò. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn atọ́ka yòókù ti fara balẹ̀.

Ẹ má sáré yọ gbogbo èyí tí `idx_scan` rẹ̀ (iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó) jẹ́ òdo o. Atọ́ka tó ń dènà kí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ méjì bára mu ń ṣiṣẹ́ bí a kò tilẹ̀ rí i kí ẹnì kan fi wá nǹkan. Atọ́ka mìíràn wà tó jẹ́ pé December nìkan ni wọ́n ń lò ó, nígbà tí a bá ń pín èrè ọdún. Bí ẹ bá sì ní sáfà kejì (kọ̀ǹpútà tó ń gba ẹ̀dà dátábéèsì náà) tí àwọn ìròyìn ń jáde láti orí rẹ̀, iye tirẹ̀ dá wà, ẹ lọ wò ó níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tí àtúnkọ́ bá tọ́

Àwọn ìgbà tí mo gbà pé ó tọ́ kò pọ̀. Ọ̀kan ni lẹ́yìn tí ẹ bá pa àkọsílẹ̀ púpọ̀ rẹ́, tó sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ṣẹ́kù káàkiri. Ewé tó ṣófo pátápátá nìkan ni PostgreSQL lè gbà padà. Èyí tí orúkọ méjì ṣẹ́kù sí yóò wà níbẹ̀. Òmíràn ni nígbà tí ẹ bá fi `pg_upgrade`, irinṣẹ́ ìgbéga PostgreSQL, kúrò ní ẹ̀dà tó ṣáájú 13: láti ẹ̀dà 13 ni PostgreSQL ti ń pa ohun tó bára mu pọ̀ nínú atọ́ka, ṣùgbọ́n atọ́ka àtijọ́ kò ní jẹ àǹfààní náà títí a ó fi tún un kọ́. Láti ẹ̀dà 14, ó tún ń gbá òkú kúrò nínú ewé kí ó tó yà á. Ẹni tó bá ṣì wà lórí ẹ̀dà àtijọ́ yóò jèrè lára ìgbéga ju lára àtúnkọ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ.

Ìkẹta kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Linux ló ń sọ fún PostgreSQL bí lẹ́tà ṣe tò, àyàfi tí ẹ bá yan ọ̀nà mìíràn. Ní 2018, ẹ̀dà 2.28 ti glibc, apá Linux tó ń ṣe ètò lẹ́tà náà, yí i padà, ó sì wọ Debian 10 àti RHEL 8, irú Linux méjì. Bí ẹ bá gbé Linux ga, atọ́ka orúkọ tí a tò ní ètò àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà yóò máa fi ètò tuntun kà. Ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ kan, yóò ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Ó tún lè jẹ́ kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Atọ́ka orí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ tún kọ́ nígbà náà, kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ fi `amcheck`, àfikún tó ń wá atọ́ka tó bàjẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò:

```
CREATE EXTENSION IF NOT EXISTS amcheck;
SELECT bt_index_check('idx_omo_egbe_oruko');
```

Bí ó bá ké, tàbí bí iná bá ba dísíìkì jẹ́, kò sí àríyànjiyàn: ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún un kọ́.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é nìyí:

```
SET lock_timeout = '5s';
REINDEX INDEX CONCURRENTLY idx_omo_egbe_oruko;
```

CONCURRENTLY wà láti ẹ̀dà 12, tó jáde ní 2019. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan sínú tábìlì náà títí yóò fi parí, ìbéèrè lásán pàápàá lè dúró. Pẹ̀lú rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù, ó sì nílò àyè fún atọ́ka méjì lẹ́ẹ̀kan náà lórí dísíìkì. Ẹ wo àyè náà ṣáájú. Ẹ má ṣe é ní òpin oṣù, ẹ má sì ṣe é nígbà tí ínfátà kò bá kún. Bí ẹ bá ní sáfà kejì ní ìlú mìíràn tó ń gba WAL láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rántí pé gbogbo atọ́ka tuntun náà ló máa gba orí ìlà yẹn kọjá. Ẹni tó ń fi owó dátà gbé e yóò rí i nínú àpò rẹ̀.

Bí ó bá kú lójú ọ̀nà, ẹ wá ohun tó ṣẹ́kù:

```
SELECT indexrelid::regclass
FROM pg_index WHERE NOT indisvalid;
```

Bí orúkọ bá parí sí `_ccnew`, iṣẹ́ kò parí: ẹ fi DROP INDEX CONCURRENTLY yọ ọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá parí sí `_ccold`, tuntun ti gba ipò, àtijọ́ ni kí ẹ yọ dànù. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n lè máa gba ohun tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọ nǹkan, láìwúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ní SQL Server, ẹ̀dà Enterprise ni ó ń jẹ́ kí ẹ tún atọ́ka kọ́ láìtì àwọn ènìyàn síta. Láti 2017 ó ṣeé dá dúró kí ẹ sì tẹ̀ síwájú. Ní MySQL, `ANALYZE TABLE` ni kí ó ṣáájú, `OPTIMIZE TABLE` lẹ́yìn ìparẹ́ ńlá. Ní Oracle, Richard Foote, onímọ̀ nípa atọ́ka Oracle, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé ìgbà tí àtúnkọ́ wúlò kò pọ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dá iṣẹ́ náà dúró, kí ẹ wò ó

Bí ọ̀gá yín kò bá gbà, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.” Ẹ yan ìbéèrè márùn-ún tí àwọn ènìyàn ń lò lójoojúmọ́, kí ẹ kọ àkókò wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí àtúnkọ́ ṣì ń lọ. Ẹ wá dá a dúró, ẹ fi ANALYZE sí ipò rẹ̀, kí ẹ máa kọ ọ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ kọ bí WAL ṣe tóbi tó ní alẹ́ Sunday pẹ̀lú, àti iye wákàtí tí ẹ̀dà ìpamọ́ fi ń lọ. Bí ìbéèrè kan bá fà ní tòótọ́, ẹ ti mọ atọ́ka tó nílò ọwọ́ yín nìyẹn, ẹ ó sì ṣètò fún un nìkan.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìwọ̀n kíkún atọ́ka orúkọ wálẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó wá dúró. Ẹnikẹ́ni kò wá fi ẹjọ́ sùn ní kántà. Iṣẹ́ òru Sunday wa báyìí jẹ́ ANALYZE, ìwádìí atọ́ka tí kò péye, àti ìlà kan nínú fáìlì tí mo ń kọ ìwọ̀n sí lóṣooṣù. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tún atọ́ka kọ́, ti tábìlì ìdúnàádúrà, lẹ́yìn tí a kó àkọsílẹ̀ àwọn tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ sí ibòmíràn. Ọ̀sán Saturday ni mo ṣe é, iná wà, ínfátà kún, akápò sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń tẹ ìròyìn rẹ̀ lọ.